Bí Mo Ṣe Wá Irúgbìn Ewé Oorun Dé Ọgbà Aṣàyàn

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà dá ẹ̀pà dúró, kí ẹni tó fẹ́ húkọ́ yára hú u tán, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lè sọ ìtàn yìí, n kò sì ní tún un sọ mọ́ títí n ó fi kú. Ẹ ti bi mí léèrè títí, ó ti sú mi láti máa fi ẹ̀rín dá yín lóhùn: kí ló dé tí èmi Ọdẹ́gbàmí, àgbà ọdẹ ìlú Òkè-Ìràwé, ọmọ àgbẹ̀ paraku, fi máa ń di ojú mi méjèèjì bí ìgbà gbígbìn bá dé, tí mo máa ń ki ọwọ́ bọ inú àpò àgbàdo, tí mo sì máa ń gbin ohunkóhun tí ọwọ́ mi bá bù jáde, ìbáà jẹ́ hóró tí kòkòrò ti jẹ dé ìdajì? Àwọn ọmọ yín ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ìyàwó yín ní orí mi ti dàrú. Ó dára. Òní ni ẹ ó gbọ́ ọ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán tí ẹ sì tún lè rẹ́rìn-ín, ẹ rín in lójú mi, kí n lè mọ irú ènìyàn tí mo ń bá gbé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ara mi ná, torí bí mo bá dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, kò ní sí àyè ìyìn mọ́. Nígbà tí ara mi ṣì le, ẹran tí mo bá yìnbọn sí á ti kú kí ó tó gbọ́ ariwo ìbọn. Èmi àti ẹfọ̀n ti wo ara wa lójú rí láàárín ọ̀sán gangan, ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Iwin méjì ló ti sá fún mi, ẹ̀kẹta kò sá, mo sì fi í ṣe àpèjẹ fún àwọn igún. Gbogbo agbára wọ̀nyẹn, ọwọ́ mi méjèèjì yìí náà ni wọ́n sọ ọ́ di asán. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Ìbídùnní ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí mi, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n sọ mí lórúkọ, ni ìyá wa kú, ẹ̀yìn Ìbídùnní ni mo sì ti mọ ayé. Ọkọ wá fẹ́ ẹ, ó ní àfi bí òun bá rí i pé mo lè dá oúnjẹ jẹ. Òun nìkan ló ń pè mí ní Àkànjí. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ẹ̀ka ìrókò kan já lù ú ní ìbàdí lóko, egungun ìdí rẹ̀ fọ́, wọ́n tò ó títí, kò tò. Ọdún mẹ́ta ló fi wà lórí ẹní lẹ́bàá fèrèsé. Ìrora náà kì í pa á, kì í sì í jẹ́ kó sùn, ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú aláìsàn rí mọ̀ pé ìyẹn burú ju ikú lọ.

Aládùúgbò wa ni Bàbá Bọ́mà, sójà àtijọ́ kan tó bá òyìnbó jagun dé ilẹ̀ Bọ́mà. Ohun tó mú bọ̀ láti ojú ogun kò ju ẹsẹ̀ tó ń tiro lọ àti irúgbìn tó há sí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀, irúgbìn ewé tí ẹ ń pè ní ewé igbó. Ẹ má fajú ro. Ewé ayé ọjọ́un kọ́ ni ewé tí àwọn ọmọ yín ń fà tí wọ́n fi ń bọ́ aṣọ lójú títì. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni igi rẹ̀, òdòdó rẹ̀ kò níyì lójú, ṣùgbọ́n bí Bàbá Bọ́mà bá se é díẹ̀ fún Ìbídùnní, yóò mu ún ní ààbọ̀ ife, yóò sì sùn láti ọ̀sán di ọ̀sán. Ewé oorun ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè é. Lẹ́yìn náà ni àwọn géńdé bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ín tà nínú ẹgàn. Lọ́dọọdún, igi tó bá ń pani bí ọtí jù nìkan ni wọ́n ń gba irúgbìn lára rẹ̀. Bí akọ bá sì yọrí, wọ́n á fà á tu kí ó má baà gbọn eruku òdòdó rẹ̀ sára abo, nítorí abo tí kò bá rí akọ kì í lóyún, gbogbo agbára tó yẹ kó fi bímọ á kóra jọ sínú òdòdó rẹ̀ bí oje. Wọ́n yàn án, wọ́n tún un yàn. Akọ tí wọn kò bá sì rí fà, afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà oko. Eruku tiwọn wọ ẹ̀yìnkùlé Bàbá Bọ́mà, ìran ewé tirẹ̀ náà sì yí padà. A kò mọ̀. A sè é fún Ìbídùnní bí a ti ń sè é. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ké, ó ní àwọn ọmọ òun méjèèjì tó ti kú dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bú òun. Ìrora rẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ wálẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àkànjí, mi ò wá ńlá. Kékeré tó máa jẹ́ kí n sùn ni mo fẹ́."

Mo tọ Bàbá Bọ́mà lọ, òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó ní, "Ọdẹ, nígbà tí mo ti ojú ogun dé, mo ṣìnà wọ Ẹgàn Ìgbàgbé, mo bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tó ń jẹ́ Aṣàyàn. Ìdajì irúgbìn mi ló gbà kí ó tó jẹ́ kí n lọ. Ohun tó bá gbà, kì í sọ ọ́ nù. Bí irúgbìn àtijọ́ bá ṣẹ́ kù láyé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la sin ín. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò ọdẹ, mo kọrí sí ẹgàn.

N kì í ṣe ọdẹ tó máa ń ka iye iṣu tó sun jẹ lójú ọ̀nà fún ènìyàn. Ó tó kí ẹ mọ̀ pé mo rìn títí mo fi dé ibi tí ẹyẹ kò ti dún mọ́, òwúrọ̀ ni, mo sì rí ọgbà kan tí wọ́n fi egungun ẹran ṣe, ó lọ lọ lọ, n kò rí òpin rẹ̀. Òkìtì kan wà lẹ́yìn ọgbà náà. Mo kọ́kọ́ pè é ní èpò tí wọ́n ro dànù. Ìgbà tí mo gbẹ́sẹ̀ lé e ni òkìtì ní, "Ọdẹ, má tẹ̀ mí." Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ènìyàn ni àwọn èpò náà rí! Wọ́n ga, wọ́n tínrín, eruku aláwọ̀ ìyeyè kún irun wọn, gbòǹgbò ni wọ́n ní dípò ẹsẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tútù ṣì wà lára rẹ̀. Púpọ̀ wọn ti kú, wọ́n ti ń rà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ ṣì ń yí, ó sì di ìkúùkù ọwọ́ òsì rẹ̀ pinpin.

Mo ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ ṣẹ̀ tí wọ́n fi kó yín dà síbí?"

Ó ní, "A jẹ́ akọ. Ìyẹn náà ni. Ìwọ ńkọ́, kí lo wá?"

"Irúgbìn àtijọ́, èyí tó ń mú oorun wá. Ẹ̀gbọ́n mi ni kò sùn."

Ó ní, "Ìran ìyá mi lo wá. Jẹ́ ká ṣe àdéhùn. Gbé mi sínú àpò rẹ, bí o bá wọ inú ọgbà, fi mí sílẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀. Bí eruku orí mi bá bà lé abo kan ṣoṣo, yóò bí ọmọ tí Aṣàyàn kò yàn, ọkàn mi á sì balẹ̀ kí n tó rọ. Èmi náà ó sọ ohun tí o ó ṣe fún ọ. Igbá mẹ́ta ni yóò gbé síwájú rẹ. Èyí tí ojú rẹ bá kọ̀, òun ni kí o mú."

Mo fi ẹnu kan irin ìbọn mi, mo búra fún un. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí bí ọdẹ bá fi ẹnu kan irin. Mo ká a sínú àpò bí ẹni ká ẹní, mo fo ọgbà.

Ẹsẹ̀ mi kò tíì balẹ̀ dáadáa tí ẹnì kan fi di etí mi mú. Aṣàyàn nìyẹn. Kúkúrú ni, kò ga ju orúnkún mi lọ, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ gùn tó igi àjà, ojú kan sì wà ní ṣóńṣó àtàǹpàkò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ojú méjèèjì tó yẹ kó wà níwájú orí rẹ̀ ti dí pátápátá, nítorí kò lò wọ́n mọ́. Ó fún etí mi láàárín ìka rẹ̀ méjì, ó gbóòórùn ìka náà, ó ní, "Hùn-ún. Eegun rẹ dára. Ọpọlọ rẹ kò tó nǹkan. Dá mi lóhùn kí n mọ̀ bóyá kí n fà ọ́ tu: ta ni ó ń pa ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn ọmọ?"

Mo rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Mo ní, "Bàbá, àgbẹ̀ ni. Bí àgbàdo mẹ́ta bá hù lójú ebè kan, yóò fa méjì tó rù tu kí èyí tó sanra lè gbọmọ pọ̀n."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Bàbá mi ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni nílé wa kí ènìyàn jẹ́ kí èyí tó rù jẹ oúnjẹ mọ́ èyí tó sanra lẹ́nu."

Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì wò mí tìfẹ́tìfẹ́. "Ọmọ mi ni ọ́," ó ní. "Wá wo oko."

Abo ewé nìkan ló wà nínú oko náà, wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ, òdòdó wọn wúwo débi pé wọ́n tẹ̀ ba, oje sì ń kán lára wọn. Òórùn wọn gbá mi lójú, mo gbàgbé orúkọ ìlú mi fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Aṣàyàn ní, "Nígbà tí ewé yìí kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ aráyé, ohun tí olúkúlùkù fẹ́ lára rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ bó èèpo rẹ̀ ṣe okùn ní kí n yan èyí tó ga. Ẹni tó fẹ́ jẹ hóró rẹ̀ ní kí n yan èyí tó so. Aláìsàn ní kí n yan èyí tó ń mú oorun wá. Àwọn tó dé kẹ́yìn ní àwọn kò fẹ́ okùn, àwọn kò fẹ́ hóró, àwọn kò fẹ́ oorun, àfi èyí tó máa gbé àwọn dé ibi tí àwọn kò ti ní rántí ilé. Ṣé èmi ni mo fi tipá fún wọn? Ẹ̀yin ń béèrè, èmi ń yàn."

Àwọn géńdé méjì kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ga bí ọ̀pẹ, wọn kò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àwọn ọmọ mi nìyẹn. Mẹ́rìndínlógún ni mo bí."

"Àwọn yòókù ńkọ́, Bàbá?"

"Mo fà wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Bí wọ́n bá kéré, kì í pẹ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Lẹ́yìn náà ló na àtàǹpàkò kan sí ìhà mi. "Kí ló wà nínú àpò rẹ?"

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, tí àwọn òmìrán méjì bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n ń wo ọrùn yín, a ó mọ iye ẹ̀jẹ́ tí ẹ máa rántí. Mo tú àpò, mo gbé akọ náà jáde. Aṣàyàn kò bínú. Ó nawọ́ sí iná tó ń jó lẹ́bàá ọgbà, ó ní, "Ìwọ lo gbé e wọlé, ìwọ ni kí o gbé e jáde." Mo jù ú sínú iná pẹ̀lú ọwọ́ mi yìí. Kò pariwo. Ó ní, "Ọdẹ, àpò rẹ kò ṣófo." Mo rò pé èpè ni. Bí iná ti ń mú un, mo rí i pé ìkúùkù ọwọ́ òsì rẹ̀ ti là, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. N kò bìkítà.

Igbá mẹ́ta ló gbé síwájú mi lóòótọ́. Hóró inú àkọ́kọ́ tóbi, ó ń dán, ó ní ilà bí ara ẹkùn. Ti ìkejì kò burú. Ti ìkẹta kéré, ó hun jọ, ó rí bí ìdin gbígbẹ. Ojú mi kọ̀ ọ́. Mo rántí ọ̀rọ̀ akọ, mo na ọwọ́ sí igbá kẹta, ọwọ́ mi sì dúró lójú ọ̀nà. Mo fi orí ọmọ mi búra, ó dúró ni! Ọgbọ̀n ọdún ni ọwọ́ yìí fi ń yan ṣírí àgbàdo tó tóbi jù lọ kọ́ sókè ààrò, tí ó ń yan ẹbu iṣu, tí ó ń ju èyí tó kéré sí ewúrẹ́. Bàbá mi ti fi ọ̀pá nà án nítorí hóró tó hun jọ. Ọkàn mi náà sì wí pé, èmi Ọdẹ́gbàmí tí mo la òkè méje kọjá, ṣé ìdin ni n ó gbé délé fún ẹ̀gbọ́n mi? Àti pé ta ni akọ, ohun tí wọ́n fà dànù, tí n ó fi gba ìmọ̀ràn rẹ̀? Mo bu mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú igbá àkọ́kọ́.

Aṣàyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ní, "Mo ní ọmọ mi ni ọ́! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yàn, a ó yan òun náà. Sáré. Bí o bá dé odò kí àwọn ajá mi tó bá ọ, irúgbìn rere ni ọ́, máa lọ. Bí wọ́n bá bá ọ, oko ń fẹ́ ajílẹ̀." Ajá méje ló tú sílẹ̀, wọn kò ní irun, eyín wọn pọ̀ ju ojú wọn lọ. Mo sáré débi pé òjìji mi ń bẹ̀ mí kí n dúró de òun. Mo yìnbọn lu ọ̀kan, àwọn yòókù dúró jẹ ẹ́, ìyẹn ló gbà mí. Ọ̀kan kò dúró. Ó já ìka ẹsẹ̀ mi kékeré gẹ́lẹ́ bí mo ti bẹ́ sódò, ẹ wò ó, kò sí níbẹ̀. Ayọ̀ ni mo fi tiro délé.

Mo kọ ebè lábẹ́ fèrèsé Ìbídùnní kí ó lè máa wò ó. Mo gbọn àpò mi dà sórí ebè, mo gbin gbogbo ohun tó já bọ́. Mẹ́rìndínlógún ló hù. Mo ní bóyá mo ṣì í kà lọ́gbà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sanra, ewé wọn gbòòrò. Ìkẹrìndínlógún wà létí ebè, ó tínrín, ó rù, ó tẹ̀ síhà fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àkànjí, èyí kékeré yẹn wù mí."

Mo rín in. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò rántí iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ́ ni? Oúnjẹ ló ń jẹ mọ́ àwọn yòókù lẹ́nu."

"Ó ń ṣe mí láàánú. Jẹ́ kí ó wà."

Mo fà á tu. Ìka méjì péré ni mo lò. Mo jù ú sí ewúrẹ́, ewúrẹ́ jẹ ẹ́, ó sì sùn láti ọ̀sán di ọ̀sán. A tilẹ̀ fi ewúrẹ́ náà ṣe ẹ̀rín.

Nígbà tí àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbó, mo ká òdòdó wọn, mo sè é, mo gbé ààbọ̀ ife fún Ìbídùnní. Ó mu ún, ó dúpẹ́, ó sùn. Mo jó yí ilé ká. Ìgbà tó jí ni mo mọ̀. Ìrora ìbàdí rẹ̀ wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti lọ. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó kí mi bí àlejò, ó ní kí n jókòó, pé àbúrò òun kò ní pẹ́ dé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo yí àpò ọdẹ mi síta. Eruku aláwọ̀ ìyeyè wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ya àwòrán ìkúùkù ọwọ́ kan sára awọ, ní àárín rẹ̀ ni ojú ihò kékeré kan wà níbi tí hóró kan ṣoṣo ti tẹ awọ. Akọ náà ti fi hóró ìran ìyá rẹ̀ sílẹ̀ sínú àpò fún mi kí n tó jù ú síná. Mo ti gbà á. Mo ti gbìn ín. Ó ti hù. Mo sáré bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo pa ewúrẹ́ náà, mo fi ọwọ́ tú ikùn rẹ̀ wò bí wèrè. Kí ni mo fẹ́ rí níbẹ̀?

Àwọn géńdé fo ògiri wá jí òdòdó tó kù kó, pẹ̀lú irúgbìn inú rẹ̀. Wọ́n yàn án, wọ́n tún un yàn, ó dé ìlú tí n kò dé rí. Ẹ ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é? Ọdẹ́gbàmí. Bí ọmọ ẹnì kan bá fà á tó bẹ́ sí kànga, wọ́n á ní Ọdẹ́gbàmí ló gbé e lọ. Mo máa ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń sunkún rẹ̀, mo máa ń kí wọn pé ẹ kú ọ̀fọ̀.

Ọdún méjì sí i ni ẹ̀gbọ́n mi lò láyé, kò sùn, kò sì mọ̀ mí lọ́jọ́ kan. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń yí i padà lórí ẹní. Bí mo bá fẹ́ jáde, á di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ yìí, á ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Bí ẹ bá rí Àkànjí àbúrò mi lọ́nà, ọdẹ ni, ẹ bá mi sọ fún un kí ó máa bọ̀ nílé. Ẹ ní mi ò wá ńlá. Kékeré tó máa jẹ́ kí n sùn ni mo fẹ́."

Mo máa ń dá a lóhùn pé n ó jíṣẹ́.

Ibi tí mo mọ nìyẹn, ibẹ̀ ni mo gbé ẹrù ìtàn náà kalẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àyè rèé.